Ibà Ti Lọ, Kòkòrò Rẹ̀ Ò Tíì Lọ

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí màmá rẹ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, pè mí lórí fóònù lóṣù tó kọjá. Ìbéèrè tó bi mí kì í ṣe ti ìṣègùn, ti èdè ni. Ó ní, "Bàbá, wọ́n kọ́ wa pé ká máa sọ fún aláìsàn kó lo oògùn ibà rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti sọ ọ́ ní Yorùbá, ṣe ni wọ́n máa ń wò mí bíi pé mi ò gbédè. Ìyá kan ní, 'Nọ́ọ̀sì, ibà ti lọ. Kí ni mo tún fẹ́ fi oògùn ibà ṣe?' Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn."

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó wò. Ìyá yẹn ò ṣi ọ̀rọ̀ lò rárá. Ohun tí à ń pè ní ibà ni ara gbígbóná, òtútù, orí fífọ́, ẹnu kíkorò àti kí oúnjẹ má wu ènìyàn jẹ. Bí ìwọ̀nyí bá ti lọ, ibà ti lọ nìyẹn. Ohun tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà ni kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀, torí pé nígbà tí àwọn baba ńlá wa sọ àìsàn náà lórúkọ, kò sí ẹnì kankan láyé yìí tó mọ̀ pé kòkòrò wà níbẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín ibà tí à ń fi ara mọ̀ àti kòkòrò tí a kì í fojú rí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lórí Odò Ọya ní 1841, bẹ́ẹ̀ oògùn tó lè gbà wọ́n là wà nínú àpótí lọ́dọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn yẹn ná, màá padà sọ́dọ̀ ìyá yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ àwọn ọ̀rọ̀ wò. Ẹni tó bá ti jókòó rí ní kíláàsì mi mọ̀ pé mi ò lè fo ibẹ̀ dá. "Màláríà" jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ará Ítálì, mala aria, ìyẹn afẹ́fẹ́ burúkú. Wọ́n gbà pé òórùn tó ń jáde láti inú àbàtà ló ń kó àìsàn ran ènìyàn. Àwa Yorùbá ní tiwa gbà pé ẹni tó bá pẹ́ jù nínú oòrùn ni ibà ń mú. Ẹ rí i pé ará Ítálì di ẹ̀bi ru òórùn, àwa di í ru oòrùn. Àmì ohùn ló ya wá. Ẹ̀fọn ń kùn létí tọ̀tún-tòsì wa, a ò kà á sí.

"Kiníìnì" náà ní ìtàn. Àwọn ará Pẹ́rù tó ń sọ èdè Quechua ní ọ̀rọ̀ kan, kina, tó túmọ̀ sí èèpo igi. Àwọn Sípéènì gbọ́ ọ ní àpètúnpè, quina-quina, èèpo tó ju èèpo lọ, bí àwa náà ṣe máa ń pe ọ̀rọ̀ ní àpètúnpè tí a bá fẹ́ kó wúwo. Igi mìíràn ló kọ́kọ́ ń jẹ́ orúkọ yẹn, kí wọ́n tó gbé e wọ igi tí èèpo rẹ̀ ń lé ibà. Nígbà tí Linnaeus fẹ́ fún igi ibà yìí ní orúkọ ìjìnlẹ̀ ní 1742, ó fi orúkọ ìyàwó gómìnà Sípéènì ní Pẹ́rù, obìnrin Chinchón, sọ ọ́, torí ìtàn kan tó ní èèpo náà ló wo obìnrin ọ̀hún sàn. Àwọn òpìtàn ti tú ìtàn yẹn wò láti ìgbà náà, wọn ò rí ẹ̀rí tó gbè é lẹ́sẹ̀. Linnaeus tún gbàgbé lẹ́tà kan, ó kọ ọ́ ní Cinchona, bẹ́ẹ̀ ló sì wà di òní. Akẹ́kọ̀ọ́ tí mo bá rí irú rẹ̀ nínú ìdánwò rẹ̀, máàkì á lọ síbẹ̀.

Ọdún tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo èyí ni 1820. Ọdún yẹn ni àwọn ará Faransé méjì, Pelletier àti Caventou, yọ kiníìnì gangan kúrò nínú èèpo igi náà ní ìlú Paris. Kó tó dìgbà yẹn, èèpo lílọ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ wáìnì, agbára igi kan ò sì dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì. Bí àwọn àgbo wa ṣe rí náà nìyẹn. Oruwo àti dóńgóyárò korò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ iye tó wà nínú ife kan? Láti 1820 ni wọ́n ti lè wọn kiníìnì lórí ìwọ̀n.

Ní 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ onírin mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan, sínú Odò Ọya. Wọ́n fẹ́ bá àwọn ọba etí odò ṣe àdéhùn láti fi òpin sí òwò ẹrú, wọ́n sì fẹ́ dá oko kan sílẹ̀ níbi tí Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé. Àwọn onímọ̀ èdè méjì wà nínú wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ìtàn yìí: Schön, ará Jámánì, àti Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí kò tíì di àlùfáà nígbà náà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó kọ jáde.

Wọ́n múra dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, afẹ́fẹ́ burúkú ni wọ́n múra sí. Dókítà Reid, tí ìmọ̀ rẹ̀ dá lórí afẹ́fẹ́ inú ilé, ṣe ẹ̀rọ sínú àwọn ọkọ̀ náà tó ń fa afẹ́fẹ́ gba inú àpótí irin kan tí wọ́n kó kẹ́míkà sí, kó lè mọ́ kó tó dé ibi tí àwọn ènìyàn ń sùn sí. Owó ńlá, ọgbọ́n ńlá, orí ọ̀rọ̀ àṣìpè kan ni wọ́n sì kọ́ gbogbo rẹ̀ lé.

Oṣù kẹjọ ni wọ́n wọ odò. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án bẹ̀rẹ̀, ibà ti dé. Soudan kó àwọn aláìsàn padà sí òkun, Wilberforce tẹ̀ lé e. Albert nìkan ló tẹ̀síwájú títí dé Ẹ̀gà ní ilẹ̀ Nupe, kí òun náà tó yí padà. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, Kápútéènì Trotter ti dùbúlẹ̀, àwọn tó ń wa ẹ́ńjìnnì ti dùbúlẹ̀. Dókítà McWilliam, tó yẹ kó máa tọ́jú aláìsàn, ló ń darí ọkọ̀. Stanger, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ yíyẹ òkúta wò, ló wọ inú yàrá ẹ́ńjìnnì lọ, tó ń ka ìwé kó tó mọ èyí tó máa fọwọ́ kàn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣàn bọ̀ títí ọkọ̀ Ethiope, tí Beecroft ń wà, fi pàdé wọn tó sì mú wọn jáde sí òkun. Àwọn òyìbó tó kú nínú ìrìn àjò yẹn lé ní ogójì.

Kiníìnì ńkọ́? Ó wà nínú ọkọ̀. Ọdún kọkànlélógún rèé tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n yọ. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni wọ́n ń fún ènìyàn. Bí ibà bá sì ti ki ènìyàn mọ́lẹ̀, àṣà ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà yẹn ni pé kí ara rọlẹ̀ ná kí wọ́n tó fún un ní kiníìnì tó pọ̀. Kó tó dìgbà náà, oògùn ìyàgbẹ́ ni, àti calomel, tí wọ́n fi makíúrì ṣe. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ara ń gbóná, ẹ jẹ́ kó tutù ká tó wò ó. Ohun tí ìyá wa ń sọ ni pé ara ti tutù, kí ni mo tún ń wò. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, wọ́n kàn yí orí rẹ̀ sódì ni.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ wàyí, ká wo ohun tí àwọn ènìyàn 1841 ò lè rí.

Nígbà tí abo ẹ̀fọn anófẹ́lì bá jẹ ènìyàn, ó máa ń tu ìwọ̀nba kòkòrò sí i lára. Kò ní tó wákàtí kan kí wọ́n tó gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ẹ̀dọ̀, kí wọ́n sì fara pamọ́ síbẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n máa ń lò níbẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ní gbogbo àsìkò yìí, ara ò gbóná, orí ò fọ́; ẹni náà ń lọ oko, ó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tú sínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan á wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa kan, á máa jẹ ohun tó bá níbẹ̀, á máa bí sí i. Tó bá tó wákàtí méjìdínláàádọ́ta, sẹ́ẹ̀lì náà á bẹ́, àwọn ọmọ tuntun á jáde, wọ́n á tún wọ sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Ìdọ̀tí tó tú jáde nígbà tí ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì bẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni ara ń bá jà, òun ló ń mú ènìyàn gbọ̀n tí ara sì ń gbóná. Ìyẹn ni pé lọ́jọ́ tí ènìyàn bá kọ́kọ́ sọ pé ibà mú òun, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí kòkòrò ti ń gbé inú rẹ̀.

Kí wá ni kiníìnì ń ṣe? Oúnjẹ kòkòrò yìí ni hẹmoglóbíìnì, èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ́n. Ṣùgbọ́n oúnjẹ yìí ní májèlé nínú, èyí ni apá tó ní irin, tí wọ́n ń pè ní híìmù. Ọ̀rọ̀ gbágùúdá ni. Gbágùúdá ní májèlé, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí a fi ń rin ín, tí a ń fún omi rẹ̀ dànù, tí a sì ń yan án kó tó di gàrí. Kòkòrò ibà náà ní ibi ìfúngàrí tirẹ̀, àpò kékeré kan nínú ikùn rẹ̀, níbi tó ti ń so híìmù pọ̀ di òkúta dúdú wínníwínní tí kò lè pa á lára. Kiníìnì á wọ inú àpò yẹn lọ, á sì dá iṣẹ́ náà dúró. Kòkòrò á máa jẹun, májèlé oúnjẹ ara rẹ̀ á máa pọ̀ sí i títí yóò fi pa á. Nígbà tí Laveran, dókítà ọmọ ogun Faransé, kọ́kọ́ rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní Constantine ní ilẹ̀ Algeria ní 1880, àwọn ohun dúdú wínníwínní yẹn wà lára ohun tó fà á lójú.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ohun mẹ́ta ló jáde nínú èyí. Kiníìnì ò lè ṣe iṣẹ́ yìí àfi tó bá ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí kòkòrò ń jẹun. Bí ènìyàn bá gbé e mì, á gba inú ìfun lọ sí ẹ̀dọ̀, á ti ẹ̀dọ̀ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ kan náà ló ń fọ́ ọ dànù. Nínú ara ẹni tó lera, nǹkan bíi wákàtí mọ́kànlá ni ìdajì rẹ̀ ti lọ, torí náà ẹni tó lò ó lẹ́ẹ̀kan tó sì sinmi ò ṣe nǹkan kan. Ìkẹta ni pé kiníìnì ò lè mú kòkòrò tó ṣì fara pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀. Níbẹ̀, kòkòrò kì í jẹ ẹ̀jẹ̀, kò sí gàrí tó ń fún.

Ọ̀kan nínú àwọn dókítà 1841, Thomson, fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí èyí láìmọ̀. Ó ń lo kiníìnì déédéé, ìwọ̀n tó ju ti àwọn yòókù lọ, ibà ò sì gbé e ṣánlẹ̀ lórí odò. Ó padà sí ìlú Ọba, ó dé Plymouth, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, ó dá oògùn dúró. Ibẹ̀ ni ibà ti mú un. Ní Plymouth! Afẹ́fẹ́ burúkú Odò Ọya wo ló dé ibẹ̀? Ní 1846, ó kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet pé kiníìnì tó pọ̀ tó, tí ènìyàn ò jáwọ́ nínú rẹ̀, ló lè ṣẹ́gun ibà Áfíríkà. Ní 1847, Bryson, dókítà ọmọ ogun ojú omi, kọ ìròyìn tirẹ̀: kí àwọn atukọ̀ lo kiníìnì kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí èbúté, kí wọ́n sì máa lò ó lọ fún ìgbà díẹ̀ tí wọ́n bá padà sínú ọkọ̀.

Ìyẹn ló gbé wa dé 1854. Macgregor Laird ló ní kí wọ́n kan ọkọ̀ náà, Pleiad. Ìbànújẹ́ rẹ̀ ti pẹ́. Ní 1832 òun fúnra rẹ̀ ti lọ sórí Ọya pẹ̀lú àwọn òyìbó bíi méjìdínláàádọ́ta, mẹ́sàn-án péré ló padà wálé. Beecroft ni wọ́n yàn láti ṣáájú lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó kú kí wọ́n tó gbéra, ọ̀rọ̀ sì já lé William Balfour Baikie lọ́wọ́. Dókítà ọmọ ogun ojú omi ni, ọmọ Kirkwall ní erékùṣù Orkney. (Àwọn Ìgbò ń pe òyìbó ní bekee, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì gbà pé orúkọ Baikie yìí ló dà bẹ́ẹ̀.) Àjàyí Crowther tún wà nínú ọkọ̀, ó ti di àlùfáà. Baikie ò dúró kí ara ẹnikẹ́ni gbóná. Kiníìnì lójoojúmọ́, fún gbogbo àwọn òyìbó, ẹni tí ara rẹ̀ le àti ẹni tí kò le. Wọ́n gba Ọya wọ Bẹ́núè, wọ́n kọjá ibi tí ọkọ̀ òyìbó kankan ti dé rí. Ọjọ́ méjìdínlọ́gọ́fà ni wọ́n lò lórí odò. Àwọn òyìbó méjìlá ló lọ, méjìlá ló bọ̀.

Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu jù rèé: ìmọ̀ wọn nípa ohun tó ń fa ibà ò tíì yí padà rárá ní 1854. Afẹ́fẹ́ burúkú ni wọ́n ṣì ń bẹ̀rù. Ó ku ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kí Laveran tó rí kòkòrò, ó ku mẹ́tàlélógójì kí Ross tó rí i nínú ẹ̀fọn ní Íńdíà. Oògùn 1841 náà ni oògùn 1854. Àsìkò àti ìwọ̀n tí wọ́n fi ń lò ó nìkan ló yàtọ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé kiníìnì ló ṣẹ́gun Áfíríkà fún òyìbó. Mi ò gbà á tó bẹ́ẹ̀. Oṣù kejìlá ọdún 1851 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá kọlu Èkó, Pleiad ò tíì sí. Lóòótọ́, kiníìnì jẹ́ kí wọ́n lè máa gbé inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún fún ọdún mélòó kan, Baikie fúnra rẹ̀ padà lọ jókòó sí Lọ́kọ́ja. Ṣùgbọ́n ìbọn àti ìwé àdéhùn ló gba ilẹ̀. Hóró oògùn ò gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Nǹkan mìíràn wà tí wọ́n máa ń yára fò kọjá. Àwọn òyìbó 1841 rí i pé àwọn aláwọ̀ dúdú inú ọkọ̀ ò kú bíi tiwọn, wọ́n sì pè é ní ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún ẹ̀jẹ̀ wa. Kì í ṣe ẹ̀bùn lásán, a san owó rẹ̀. Ẹni tí ibà ń mú léraléra láti kékeré, tí kò kú, ara rẹ̀ á ti mọ kòkòrò náà, á ti mọ bó ṣe ń bá a jà. Ẹni tí kò kú ni mo wí. Àwọn yòókù, a sin wọ́n nígbà tí wọn ò tíì lè rìn, a sì ń sọ àwọn tó wá lẹ́yìn wọn ní Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́. Kòsọ́kọ́ tí wọ́n lé kúrò lórí oyè l'Ékòó ní 1851 yẹn, orúkọ àbíkú ló ń jẹ́: kò sí ọkọ́ tí a ó tún fi gbẹ́lẹ̀ mọ́. Ibà nìkan kọ́ ló ń pa àwọn ọmọ yẹn, ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn tó ṣíwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ààbò àgbà kò tíì dé ara ọmọ ọwọ́ dòní, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọmọ tí ò tíì pé ọdún márùn-ún ni ibà ń pa jù.

Ní Èkó, nígbà tí William MacGregor jẹ́ gómìnà láti 1899 dé 1904, ó ní kí wọ́n máa pín kiníìnì, ó sì ń fa omi àbàtà gbẹ. Dókítà lòun náà. Ṣùgbọ́n kiníìnì kì í ṣe oògùn tí ènìyàn ń fẹ́ràn. Ó korò, ó máa ń mú etí hó, ó ń bi ènìyàn nínú. Àwọn òyìbó tó ń lò ó lónìí tí wọ́n ń fò ó lọ́la ni àìsàn kan máa ń mú, tí sẹ́ẹ̀lì pupa á máa bẹ́ yángá nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, tí ìtọ̀ wọn á dúdú bí omi aró. Ọ̀pọ̀ ló kú báyìí ní etíkun wa.

Oògùn ìgbà tèmi ni kolorokúìnì. Hans Andersag ló ṣe é ní ilé iṣẹ́ Bayer ní Jámánì ní 1934. Wọ́n rò pé ó le jù fún ara, wọ́n gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìgbà ogun Hitler ni wọ́n tó mọ iyì rẹ̀. Iṣẹ́ kiníìnì náà ló ń ṣe, dídá ìfúngàrí dúró, ṣùgbọ́n ó rọrùn, ó pọ́ọ́kú, ó sì ń pẹ́ nínú ara. Àwa tí a dàgbà nígbà yẹn, ṣé ẹ lè gbàgbé ara yíyún? Ẹ ó lò ó lálẹ́, tó bá di òru, ẹ ó máa fi ẹ̀yìn ha ògiri bí ewúrẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ló lo ti ọjọ́ àkọ́kọ́ tó fi ìyókù sábẹ́ ìrọ̀rí. Oògùn "Sunday-Sunday" náà tún wà, Daraprim, tí wọ́n ń fún àwa ọmọ iléèwé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Kì í jẹ́ kí kòkòrò lè ṣe fólíìkì tó fi ń bí ọmọ. Ìlànà Baikie náà ni, kí oògùn wà nílé kí olè tó dé. Ìlànà yìí kan náà ni ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ń tẹ̀ lé ní kílíníìkì àwọn aláboyún, tí ẹ ń fún wọn ní Fansidar lójú yín láti oṣù kẹrin lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ò gbóná.

Kòkòrò ò dúró lójú kan. Àpò ìfúngàrí rẹ̀ yí padà díẹ̀, ó wá ní ilẹ̀kùn tó ń ti kolorokúìnì síta bó ṣe ń wọlé. Gúúsù Ìlà-oòrùn Éṣíà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, nígbà tó sì di àárín 1980 sí 1990, ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 2005, Nàìjíríà yí ìlànà rẹ̀ padà, ó ní kí a jáwọ́ nínú kolorokúìnì, kí a máa lo àpapọ̀ tó ní oògùn ewéko Ṣáínà nínú.

Ewéko Ṣáínà yẹn, Tu Youyou ló yọ oògùn inú rẹ̀, iṣẹ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 2015. Wọ́n ń se ewé náà, kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó padà lọ ka ìwé ìṣègùn àtijọ́ kan tí Ge Hong kọ ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn, ó rí i pé wọ́n ní kí a rẹ ẹ́ sómi kí a sì fún un, wọn ò mẹ́nu kan sísè. Ó fura pé iná ló ń ba oògùn náà jẹ́. Onímọ̀ èdè tó bá ka ìtàn yìí láìyọ̀, mi ò mọ ohun tó wá ṣe nínú iṣẹ́ wa. Irin inú híìmù, májèlé ọjọ́sí yẹn, ló ń ta oògùn yìí jí. Bí wọ́n bá ti kanra, á bẹ́ bí àdó olóró sínú kòkòrò.

Ó yára, kò sí oògùn ibà tó tún yára tó o. Wàhálà rẹ̀ ni pé wákàtí mélòó kan ni, ó ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi so ó mọ́ èkejì, lumefantrine, tí kì í yára ṣùgbọ́n tó ń jókòó fún ọjọ́ mélòó kan. Èkíní á pa ọ̀pọ̀, èkejì á dúró de ìyókù. Ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń lò ó, ìkejì ní wákàtí mẹ́jọ lẹ́yìn àkọ́kọ́, kó tó di àárọ̀ àti alẹ́. Lumefantrine sì nílò ọ̀rá. Ẹni tó bá fi omi lásán gbé e mì lórí ikùn òfìfo, díẹ̀ ló máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀.

Panadol tí gbogbo wa ń kó mọ́ ọn ńkọ́? Kò mọ kòkòrò rí. Inú ọpọlọ ló ti ń ṣiṣẹ́ jù, níbi tí ara ti ń pinnu bó ṣe máa gbóná tó. Ó ń dín àwọn èròjà tó ń sọ fún ọpọlọ pé kó gbé ooru sókè kù, ara á sì tutù, orí á fúyẹ́. Ó wúlò. Ṣùgbọ́n ó lè mú ibà lọ ní ìtumọ̀ Yorùbá pọ́nńbélé, kí kòkòrò máa bí ọmọ lọ ní tirẹ̀.

Ó dáa, ìyá wa. Mo pe ọmọ náà padà. Mo ní kó má bá wọn jiyàn pé ibà ò tíì lọ, torí ibà ti lọ. Nígbà tí ibà ń mú ẹni tó ṣàìsàn gan-an, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè tó ìlọ́po ìlọ́po àràádọ́ta ọ̀kẹ́. Lọ́jọ́ kejì, oògùn ti pa èyí tó pọ̀ jù, ìyókù ò pọ̀ tó láti mú ara gbóná mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì lè tó àràádọ́ta ọ̀kẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè di mẹ́wàá ní ọjọ́ méjì. Mo ní kó sọ ọ́ báyìí: "Ìyá, ẹ ti sán èkan, ilẹ̀ ti mọ́. Gbòǹgbò rẹ̀ ló kù, hóró tó kù yìí la fi ń hú u." Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, ó tún pè mí. Ìyá mìíràn ti gbọ́ ọ̀rọ̀ èkan, ó sì ti gbà, oko ló dàgbà sí. Ìṣòro mìíràn ló kù. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ fi oúnjẹ tó ní ọ̀rá lo oògùn, bẹ́ẹ̀ láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé ẹni tí ibà ń ṣe kì í fẹnu kan epo. Ẹ̀kọ lásán ló fẹ́ mu. Ṣé kó fi ẹ̀kọ lò ó ni, àbí kó fi àkàrà kún un?

Mo ní kó fi àkàrà kún un.